Ta Ló Yí Lísìtì Náà Padà?

Ọkùnrin tó gbà mí síṣẹ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun orí rẹ̀ funfun báláú, wọ́n sì ní kí n máa pè é ní Colin. Kì í ṣe Ọ̀gá, kì í ṣe Sà, Colin lásán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi pe orúkọ rẹ̀ rárá. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, màá wúkọ́ díẹ̀, màá sì dúró títí yóò fi gbójú sókè. Lọ́jọ́ kan ni Marta, obìnrin tó jókòó sápá ọ̀tún mi, bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ikọ́ yẹn ò ní í pa ẹ́ báyìí?" Mo ṣàlàyé fún un pé níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá ń pe ẹni tó tó bàbá rẹ̀ lórúkọ, àwọn èèyàn á béèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní ó yé òun, pé ní Póláńdì tí òun ti wá náà, èèyàn kì í ṣàdédé pe àgbàlagbà lórúkọ. Ọjọ́ yẹn la di ọ̀rẹ́.

Ọ̀kà ni wọ́n bí mi sí, ní Àkókó, nínú ilé kan tí àpáta wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, orí àpáta náà la sì máa ń sá èlùbọ́ sí. Bàámi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Arigidi ni wọ́n ti fẹ́ màámi wá, èdè Arigidi, tí kì í ṣe Yorùbá, ni màámi sì fi máa ń dá sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń gúnyán. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé-ìwé kan ní Ìkàrẹ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án la ní fún ogójì ọmọ, iná kò sì dá wa lójú. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iná, màá ya kíbọ́ọ̀dù sójú pátákó, wọ́n á máa fi ìka tẹ orí tábìlì wọn bí ẹni ń tẹ̀wé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí kò rí nǹkan náà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé òun ni yóò gbà mí lọ́jọ́ kan.

Kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níhà àríwá, nílùú kan tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbéṣẹ́ fún un. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń gbé oògùn fún wọn. Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ oògùn kì í fúnni ní hóró kan láìka ohun tó wà lára páálí rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì: orúkọ ẹni tó ni ín, iye tí yóò lò, ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́. Ó ní, "Má fi ojú kà á nìkan. Jẹ́ kí etí ẹ náà gbọ́ ọ." Mo rò pé àṣejù ni.

Yàrá kan ni mo ń gbé, lókè ilé ìtajà kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé odindi ọjọ́ Sátidé lè kọjá kí n má gbọ́ ohùn ara mi. Ní Ọ̀kà, kí o tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, o ó ti kí èèyàn mẹ́wàá, méjì nínú wọn á sì ti bá ẹ wí. Níbí, mo kí obìnrin kan lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di báàgì rẹ̀ mú.

Àwọn èèyàn á bi mí pé, "Níbo lo ti wá?" Èyí náà mú mi ronú. Ní Ìkàrẹ́, olùkọ́ ará Ọ̀kà ni wọ́n ń pè mí. Ní Ọ̀kà, ọmọ obìnrin Arigidi ni mo jẹ́. Mo dé Èkó, mo di ará Oǹdó. Mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo di ará Nàìjíríà, fún ẹlòmíràn mo kàn di ará Áfíríkà. Bí mo ṣe ń jìnnà sí i ni orúkọ tí wọ́n ń pè mí ń tóbi sí i, èmi fúnra mi sì ń kéré sí i nínú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń padà sí ìwọ̀n mi, nígbà tí wọ́n bá pè mí láti ilé lẹ́yìn ìsìn. Màámi kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lo fóònù tó ń fi ojú hàn. Wọ́n á gbé e sétí, etí wọn àti yẹtí wọn ni màá sì máa wò títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán. Mo fẹ́ràn etí náà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Colin gbà mí, mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, àwa mọ́kànlá. Sọ́fítíwíà tó ń tẹ bébà ara oògùn fún àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò. Tí mo bá yege, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé tí màá fi máa gbé ìlú náà. Tí mi ò bá yege, kí n máa palẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ odindi sọ́fítíwíà mọ́. Ẹnì kan ti kọ èyí tó ń ṣètò ọjọ́ àti oṣù, ẹlòmíràn ti kọ èyí tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. A kàn ń mú tiwọn, à ń kọ tiwa lé e. Páákéèjì là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà, páákéèjì máníjà, tó ń bá wa lọ kó wọn wá. Inú fáìlì kan la ń kọ ohun tí a fẹ́ sí, àti nọ́ńbà ẹ̀dà tí a fẹ́, nítorí pé àwọn tó ń ṣe wọ́n kì í jókòó sójú kan. Wọ́n máa ń tún un ṣe, wọ́n á sì gbé ẹ̀dà mìíràn jáde.

Nínú oṣù kejì mi, èmi ni wọ́n ní kí n fi páákéèjì ọjọ́ sínú iṣẹ́ wa. Mo kọ ọ́ pé: ó kéré tán, ẹ̀dà kẹrin. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Inú mi dùn.

Ní oṣù karùn-ún mi níbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ilé ìtọ́jú kan pè wá. Oògùn bàbá arúgbó kan, tó yẹ kí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni yóò bàjẹ́, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ni wọ́n tẹ̀ sí i. Sọ́fítíwíà wa ti gbé oṣù síwájú ọjọ́. Obìnrin tó ń gbé oògùn náà ló kà á sókè, etí rẹ̀ kò gbà á, ló bá dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó lò ó. Ṣùgbọ́n mo ti gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ ojú àwọn tó ń lanu gbà á lọ́wọ́ wa láìbéèrè ohunkóhun.

Colin ní kí gbogbo ìtẹ̀wé dúró. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti rí i pé páákéèjì ọjọ́ ló fà á. Ẹ̀dà kẹfà ló wà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀dà kẹfà yìí sì ni àwọn tó ń ṣe é ti yí ètò padà, tí wọ́n fi oṣù ṣáájú. Wọ́n wo fáìlì, orúkọ mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà.

Colin pè mí. "Ṣé ìwọ lo kọ ìlà yìí?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kẹrin ni mo kọ."

"O kọ 'ó kéré tán'. 'Ó kéré tán' yẹn lo fi ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, tí tuntun fi wọlé." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "A ó jókòó sọ ọ̀rọ̀ nípa ìdánwò rẹ ní Ọjọ́bọ̀."

Marta kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ sílé fún ìsinmi. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi ṣíwọ́. Èmi náà gbà pé mo jẹ̀bi. Ohun tó burú nínú kí èèyàn jẹ́ àlejò nìyẹn: tí wọ́n bá ti ní ìwọ ni, ìwọ fúnra rẹ ni wàá kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́, mo pe Bàámi. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, nítorí náà wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohùn Ọ̀kà ni wọ́n fi kí mi, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ bí mo ṣe dáhùn, wọ́n bọ́ sí Yorùbá ilé-ìwé. Ìyẹn ni mo fi máa ń mọ̀ pé wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ lé orí tábìlì.

"Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Má fo nǹkan kan."

Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀dà kẹrin àti ẹ̀dà kẹfà, wọ́n dá mi dúró.

"Dúró ná. Bí ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Ẹni tó ń tẹ ìwé, gbogbo ìgbà ló ń gbé àtúnṣe jáde, kó lè tún rí i tà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Rìlíìsì là ń pe ìyẹn. Ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde."

"Ẹ̀dà wo ló jáde gbẹ̀yìn?"

"Ẹ̀kẹjọ."

"Ṣùgbọ́n pé ó jáde kò ní kí ilé-ìwé máa lò ó. Lísìtì la máa ń tẹ̀ lé. Tí lísìtì bá sọ pé ẹ̀dà báyìí ni gbogbo kíláàsì yóò lò lọ́dún yìí, òun náà ni. Ṣé ẹ̀yin ò ní lísìtì?"

A ní in. Nínú fáìlì wa, lókè pátápátá, ìlà kan wà tí kò sẹ́ni tó ń wò. Bésíláìnì la ń pè é, ìpìlẹ̀. Òun ló ń tọ́ka sí àkọsílẹ̀ gbogbo páákéèjì àti ẹ̀dà tí a ti dán wò pọ̀, tí a mọ̀ pé wọ́n ń bá ara wọn gbé. Ẹ̀dà tó jáde jẹ́ ti ẹni tó ṣe é. Ìpìlẹ̀ jẹ́ tiwa. Máníjà kò sì ní í mú ohun tó kéré sí ti ìpìlẹ̀, àfi tí a bá dìídì so páákéèjì kan mọ́ ẹ̀dà kan gan-an.

Bàámi ń sọ̀rọ̀ lọ. "Ọdún kan wà ní Ìkún, ìwé tí olùkọ́ ń kà lójú pátákó àti èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kò bára mu. Ojú ewé kò ṣe déédéé. Mo pe olùkọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ará Ùgbè, mo bá a wí níwájú àwọn olùkọ́ yòókù. Ó sunkún. Àfi ìgbà tí kíláàsì kẹta àti ìkarùn-ún náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé tí kò bára mu wá. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ wo lísìtì ara ògiri. Ẹnì kan ti tẹ òmíràn lé e, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tí mo ti bá a wí. Ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mi ò tíì gbàgbé. Lọ wò ó, ọmọ mi. Ṣé ìwé tìrẹ nìkan ló yí padà ni, àbí ti gbogbo kíláàsì? Ta ló yí lísìtì náà padà?"

Oúnjẹ mi ṣì wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo sáré wọlé.

Mo kó àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá àti ti òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Páákéèjì ọjọ́ kò dá gòkè. Mẹ́rìnlá mìíràn ti gòkè pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tí mi ò fọwọ́ kàn rí láyé mi. Ìgbà náà ni mo wá bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi Colin: tó bá jẹ́ pé "ó kéré tán" tèmi ló ṣílẹ̀kùn fún tuntun, kí ló dé tí ẹ̀kẹjọ tó ti jáde kò wọlé? Kí ló dé tó fi dúró sórí ẹ̀kẹfà? Nítorí pé máníjà kì í sáré tẹ̀lé tuntun. Ó wo ohun tí mo kọ, ó wo ìpìlẹ̀, ó mú èyí tó ga nínú méjèèjì. Tèmi sọ pé ẹ̀kẹrin. Ìpìlẹ̀, tó ti sọ pé ẹ̀kẹrin tẹ́lẹ̀, ti ń sọ pé ẹ̀kẹfà báyìí.

Ara mi fúyẹ́ lójijì, bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀. Mo wá wo orúkọ ẹni tó yí ìpìlẹ̀ náà padà.

Marta ni.

Marta tó fún mi ní kóòtù òtútù rẹ̀ nígbà tí mo ń wọ súwẹ́tà méjì léra wọn. Marta tó tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn nígbà tí eyín ń dùn mí. Mo tẹ àkọsílẹ̀ náà sórí ìwé, mo sì pa kọ̀ǹpútà dé. Mo lè mú ìwé náà tọ Colin lọ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ mi á sì parí. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀dọ́mọbìnrin ará Ùgbè yẹn, pé iwájú àwọn ẹlòmíràn ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀sùn ara rẹ̀. Ọjọ́rú ni Marta yóò wọlé. Mo pinnu láti dúró.

Ní Ọjọ́rú, mo bá a nínú kíṣìnì ilé-iṣẹ́, ó ń po tíì. Mo na ìwé náà sí i. Ó kà á, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Èmi ni," ó wí. "Páákéèjì kan ní ihò tí olè lè gbà wọlé. Wọ́n ní ká gbé e sókè kíákíá. Dípò kí n gbé òun nìkan, mo gbé gbogbo ìpìlẹ̀. Mo dán an wò, gbogbo rẹ̀ yege, ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò tó ń wo ọjọ́ ara bébà. Ọkọ̀ òfuurufú mi gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbàgbé láti sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó gbójú sókè. "Wọ́n ti dá ọ lẹ́bi?"

"Ọ̀la ni ìpàdé mi."

"Kí ló dé tí o ò tíì lọ bá Colin?"

"Mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó mú ìwé náà, ó gba yàrá Colin lọ. Mo dúró nínú kíṣìnì, mò ń wo tíì rẹ̀ tí èéfín ń jáde lára rẹ̀, àdúrà kan kò wá sí mi lẹ́nu.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Colin tó pè mí. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí tábìlì. "Mo yára jù," ó wí. "Mo ka ìlà tìrẹ, mi ò ka ìlà tó wà lókè rẹ̀. Má bínú sí mi." Ó wá bi mí bí a ó ṣe tún un ṣe. Mo ní kí a má dá ìpìlẹ̀ padà, nítorí ihò tí Marta dí. Kí a so páákéèjì ọjọ́ nìkan mọ́ ẹ̀dà kẹrin gan-an, láìsí "ó kéré tán", títí a ó fi kọ́ tuntun mọ̀. Ó ní kí n ṣe é báyìí. Mo ṣe é lójú wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ bébà kan jáde: ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Colin rò pé mò ń ṣàwàdà.

"Ó dára," ó ní.

Ẹnu mi yọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Kò bá mi wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìpàdé tí mo ti ń bẹ̀rù kò tó ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi láìdúró de oṣù kẹfà. Wọn kò lé Marta. Wọ́n kàn ṣòfin pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá yí ìpìlẹ̀ padà mọ́, kí ẹlòmíràn wò ó kó tó wọlé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àlàyé rẹ̀ fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Ojú ewé kan péré ni. Mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ogójì ọmọ lọ́jọ́ tí kò sí iná.

Mo pe ilé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàámi, títí kan ọ̀rọ̀ Marta. Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin Póláńdì yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò lé e?"

"Wọn ò lé e, Bàámi."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n bọ́ padà sí ohùn Ọ̀kà, wọ́n pariwo pe màámi láti ẹ̀yìn ilé. Màámi gba fóònù, wọ́n ń fi èdè tiwọn dúpẹ́, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ, ó sì tó mi.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oòrùn wà lójú ọ̀run. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oorun tí mi ò rí sùn láti ọjọ́ Ajé gbé mi lọ. Awakọ̀ ló fọwọ́ kan ìjókòó mi. Bọ́ọ̀sì ti ṣófo, a wà níbi tó ń parí sí, lẹ́bàá pápá kan tí àgùntàn ń jẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, ibo lò ń lọ?" Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ilé," mo wí.

"A ti kọjá gbogbo ilé. Àdúgbò wo?"

Mo dárúkọ òpópónà mi. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé òun ń padà gba ibẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì. A ti rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo sọ fún un, pé nígbà tí mo sọ pé ilé, kì í ṣe Ọ̀kà bí kò ṣe yàrá mi lókè ilé ìtajà bẹ́ẹ̀dì ló wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú àpò mi. Mo rò pé yóò dùn mí. Kò dùn mí. Mo fi orí ti gíláàsì, mo sì la ojú mi sílẹ̀ kí n má baà tún kọjá rẹ̀.